Orúkọ Tó Ń Rìn Lójú Fíìmù: Bí Motion Graphics Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ẹ ti rí irú ètò yìí rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìyá aládìírẹ kan jókòó ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, ó ń sọ bí wọ́n ṣe ń re aró. Kò tíì sọ gbólóhùn méjì tán tí pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan fi yọ́ wọlé láti apá òsì nísàlẹ̀, orúkọ ìyá náà wà lórí rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ orúkọ. Ó dúró díẹ̀, ó sì yọ́ jáde. A ti ka orúkọ, a sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá lọ, kò sẹ́ni tó rántí pé ẹnì kan ló jókòó ṣe pátákó yẹn. Lower third ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Òun ni màá fi ṣàlàyé motion graphics, torí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ohun tó ń dani láàmú nínú iṣẹ́ náà ló wà nínú pátákó kékeré kan ṣoṣo yẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ohun tí kì í ṣe kúrò nílẹ̀. Motion graphics kì í ṣe kàtúùnù: kàtúùnù ní ẹ̀dá tó ń hùwà, tó ń bínú, tó ń rẹ́rìn-ín. Kì í sì í ṣe àwọn idán inú fíìmù, irú èyí tí babaláwo ń na ọwọ́ tí iná ń jáde. Idán yẹn fẹ́ kí ojú wa gbà pé nǹkan náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Motion graphics ò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà ni, ìlà ni, àwọ̀ ni, máàpù ni, iye ìbò ni, tí a mú kí ó máa rìn kí ẹni tó ń wòran lè tètè mọ ohun tó yẹ kó mọ̀. Orúkọ àwọn òṣèré tó ń jáde níbẹ̀rẹ̀ fíìmù, àmì ilé iṣẹ́ ìròyìn tó ń yí kí ìròyìn alẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú iṣẹ́ yìí.

Kò kúkú ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí kọ̀ǹpútà tó dé, orí páálí ni wọ́n ń kọ orúkọ sí, wọn á gbé kámẹ́rà kọjú sí páálí náà. Ní 1955, Saul Bass, ayàwòrán kan ní Amẹ́ríkà, fi bébà tí wọ́n gé ṣe ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù kan, àwọn tó ń ṣe fíìmù sì wá rí i pé àkókò tí orúkọ ń jáde lè ṣe ju kí àwọn èèyàn máa fi wá àga wọn lọ. Ní 1960, John Whitney dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tó pè ní Motion Graphics. After Effects, sọ́fítíwíà tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń lò lónìí, jáde ní 1993.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá dojú rú fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé wọ́n rò pé sọ́fítíwíà àti àwọn effect inú rẹ̀ ni iṣẹ́. Ẹni tó ń sanwó a ní kí iná máa kọ, kí orúkọ máa yí bí òòyì, kí wúrà máa dán. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àkókò ni iṣẹ́ yìí: ìgbà tí nǹkan wọlé, bó ṣe rọra dúró, iye ìgbà tó lò kí a tó kà á tán, àti bó ṣe kúrò láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ èyí, àwọ̀ méjì àti fọ́ńtì kan tó o. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, gbogbo wúrà inú kọ̀ǹpútà ò lè gbà á.

Frame mélòó?

Fídíò fúnra rẹ̀ kò mira. Àwòrán tó dúró jẹ́ẹ́ ni wọ́n tò tẹ̀ léra, tí wọ́n ń fi hàn wá kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi ń so wọ́n pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwòrán náà ni frame. Sinimá ń lo frame 24 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo 25, torí pé iná mànàmáná níbẹ̀ ń mì ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, orí ìyẹn ni wọ́n sì gbé tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kà. Ti Amẹ́ríkà ń mì ní ìgbà 60, wọ́n sì ń lo 29.97. Fóònù tó wà lápò ọ̀pọ̀ wa, 30 ló sábà máa ń yà àfi tí a bá yí i padà.

Bí ẹnì kan bá ṣe graphics ní 30, tí ẹ́dítọ̀ gbé e sínú iṣẹ́ tó jẹ́ 25, kọ̀ǹpútà á máa ju frame kan nù nínú mẹ́fà-mẹ́fà. Lẹ́tà tó yẹ kó máa yọ́ lọ á wá máa ta gìrì. Ojú òǹwòran ò ní mọ ohun tó fà á, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé nǹkan kan ò lọ dáadáa. Torí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí oníṣẹ́ bi ẹ́dítọ̀ ni iye frame tí timeline rẹ̀, ibi tó ń to fídíò sí, jẹ́, kó tó bi í ní àwọ̀, kó tó bi í lówó pàápàá.

Ẹ padà sórí pátákó ìyá aládìírẹ. Oníṣẹ́ kì í ya frame kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Lórí After Effects, tàbí lórí Fusion tó wà nínú DaVinci Resolve, tàbí lórí Blender tó jẹ́ ọ̀fẹ́, àmì méjì ló máa fi sílẹ̀. Ní frame 0, pátákó wà níta ojú àwòrán. Ní frame 15, ó ti dé àyè rẹ̀. Àmì yẹn ni keyframe. Ibi tí pátákó yóò wà láti frame 1 dé 14, kọ̀ǹpútà ló máa ṣírò rẹ̀. Ohunkóhun tí a lè fi nọ́ńbà wọ̀n ló ń gba keyframe: ibi tó wà, bó ṣe tóbi, bó ṣe tẹ̀ sí, bó ṣe hàn sí.

Ibi tí iṣẹ́ ọmọṣẹ́ àti iṣẹ́ ọ̀gá ti ń yà

Ká ní pátákó náà máa rin pixel 600 láti ìta dé àyè rẹ̀ (pixel ni ẹyọ àmì kékeré tí wọ́n fi ń to àwòrán). Bí a bá fi sílẹ̀ bí kọ̀ǹpútà ṣe ṣe é, á máa rin pixel 40 ní frame kọ̀ọ̀kan, bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, á sì dúró gbọnrangandan lẹ́ẹ̀kan náà. Ìrìn yẹn ni wọ́n ń pè ní linear, kò sì sí ohun tó ń rìn bẹ́ẹ̀ láyé. Dánfó tó fẹ́ já èrò ní Ojúẹlẹ́gba kì í ti orí eré bọ́ sórí ìdúró. Ó ń dín eré kù díẹ̀díẹ̀ títí tí táyà á fi dákẹ́. Ojú wa ti mọ̀ bí ohun tó wúwo ṣe ń dúró, ìdí nìyẹn tí linear fi máa ń dà bí iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Easing, ìyẹn mímú kí eré máa yá tàbí kó máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ni oògùn rẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà yìí dáadáa. Pátákó kan náà, pixel 600 kan náà, frame 15 kan náà, ṣùgbọ́n a ní kó wọlé pẹ̀lú eré kó sì máa rọ̀ bó bá ń súnmọ́ àyè rẹ̀. Ní frame kìíní ó ti rin nǹkan bíi 112. Ní frame karùn-ún ó ti dé 422. Ní ìkẹwàá ó ti dé 578. Frame márùn-ún tó kù, pixel 22 péré ni wọ́n pín láàárín ara wọn, èyí tó gbẹ̀yìn kò tilẹ̀ rin tó pixel kan. Ìṣẹ́jú àáyá kò gùn sí i, ohun tó yí padà kò ju bí a ṣe pín ìrìn náà lọ. Síbẹ̀, ẹ fi méjèèjì han ọmọ ọdún mẹ́wàá kan, á mọ èyí tó jọ ti tẹlifíṣọ̀n.

Lórí After Effects, F9 ni wọ́n ń tẹ̀ kí easing lè wọlé, ọ̀pọ̀ sì máa ń dúró síbẹ̀. Ẹ má dúró síbẹ̀. F9 ń rọ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin bákan náà, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń bọ̀ láti ìta ti yẹ kó ti máa sáré bọ̀ kó tó dé ojú wa. Ẹ ṣí Graph Editor, ibi tí sọ́fítíwíà ti ń fi ìlà ya bí eré náà ṣe ń lọ, kí ẹ fa ìlà náà títí tí ìbẹ̀rẹ̀ á fi le tí òpin á sì fi gùn. Tó bá ń jáde lọ, ẹ yí i padà: kó rọra gbéra, kó wá sáré lọ. Èmi a sì máa jẹ́ kí ìjáde yá ju ìwọlé, frame mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ti tó, torí pé a ti kà á tán, kò sẹ́ni tó ń wò ó mọ́.

Nǹkan kékeré kan tún wà tó ń sọ iṣẹ́ di iṣẹ́: kí gbogbo nǹkan má dé lẹ́ẹ̀kan náà. Jẹ́ kí pátákó kọ́kọ́ wọlé, kí orúkọ tẹ̀ lé e lẹ́yìn frame mẹ́ta, kí iṣẹ́ ìyá náà sì tẹ̀ lé orúkọ lẹ́yìn mẹ́ta mìíràn. Ojú á mọ ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ kà láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ fún un.

Bí ó bá dé tán, báwo ló ṣe yẹ kó dúró pẹ́ tó? Òfin àwọn ẹ́dítọ̀ rọrùn: ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì láìkánjú. Orúkọ kan àti iṣẹ́ kan máa ń gba bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, frame 100 nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe é ti mọ ohun tó wà níbẹ̀, á máa dà bíi pé ó pẹ́ jù lójú yín. Ẹ má dá ojú yín lóhùn, ẹni tó ń wòran nílé ò tíì rí i rí. Bákan náà, ẹ má jẹ́ kó wọlé ní frame tí àwòrán ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ẹ jẹ́ ká rí ojú rẹ̀ ná. Kó sì ti kúrò kí ẹ́dítọ̀ tó gé lọ sí àwòrán mìíràn. Pátákó orúkọ ìyá tó ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí a ti ń wo ìkòkò aró á sọ ìkòkò di ìyá.

Ọ̀rọ̀ motion blur, ìyẹn bàìbàì tí ìrìn ń fà, kò gùn. Ẹ dá fídíò tí kámẹ́rà yà dúró níbi tí ẹnì kan ti ń ju ọwọ́, ẹ ó rí i pé ọwọ́ náà ṣe bàìbàì, torí pé kámẹ́rà tó ń ya frame 25 sábà máa ń la ojú sílẹ̀ fún ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú àáyá. Graphics ò ní kámẹ́rà, frame rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń mú ṣáṣá. Bí ó bá ń sáré lórí fídíò gidi, ẹ tan motion blur kí méjèèjì lè bára mu. Ohun tó ń rọra rìn kò nílò rẹ̀.

Àyè, lẹ́tà wa, àti àwọ̀

Àwòrán HD fẹ̀ ní pixel 1920, ó ga ní 1080. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ máa ń gé etí àwòrán jẹ, àwọn kan sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ẹ fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn pixel 96 lápá òsì àti ọ̀tún, 54 lókè àti nísàlẹ̀. Lẹ́tà kankan ò gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀. Àwa tí à ń ṣe fíìmù Yorùbá tún ní ti wa lọ́tọ̀: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń túmọ̀ ohun tí òṣèré ń sọ máa ń wà nísàlẹ̀. Bí oníṣẹ́ graphics bá gbé pátákó orúkọ síbẹ̀ láìbéèrè, ọ̀kan á gun èkejì lórí. Ẹ gbé pátákó sókè díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àmì ohùn ni ibi tí a ti ń rí iṣẹ́ ẹni tó fara balẹ̀. Unicode, ìlànà tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà, ní ẹ, ọ àti ṣ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kò ní ẹ́ tàbí ọ̀ ní odindi: lẹ́tà kan ni, àmì kan sì wà lọ́tọ̀ tí fọ́ńtì gbọ́dọ̀ gbé lé e lórí. Fọ́ńtì tí wọn ò kọ́ ní iṣẹ́ yìí á fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà, tàbí kí kọ̀ǹpútà yá lẹ́tà kan lára fọ́ńtì mìíràn, kí ọ kan ṣoṣo wá sanra láàárín àwọn yòókù. Noto Sans, Gentium àti Charis mọ̀ ọ́n ṣe, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Kí ẹ tó fi fọ́ńtì kankan han oníbàárà, ẹ tẹ gbogbo fáwẹ́lì wa sí i pẹ̀lú àmì wọn, lẹ́tà ńlá àti kékeré. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín ìlà méjì kí àmì orí ìlà kejì má baà gún ìdí ìlà kìíní. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí lẹ́tà máa wọlé níkọ̀ọ̀kan, ẹ wò ó frame sí frame: sọ́fítíwíà tó bá ka àmì sí lẹ́tà á mú kí ọ wọlé, kí àmì rẹ̀ wá sáré bá a lẹ́yìn. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ yí ọ̀rọ̀ náà padà sí shape, ìyẹn àwòrán tí kì í ṣe lẹ́tà mọ́, kí ẹ tó mú un rìn. Àwọn kan máa ń ní kí a kúkú pa àmì náà rẹ́ kí iṣẹ́ lè yá. Ìmẹ́lẹ́ ni mo ka ìyẹn sí.

Ní ti àwọ̀, ọ̀pọ̀ fídíò tí a ń gbé jáde máa ń tọ́jú ìmọ́lẹ̀ pixel kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n pixel mẹ́rin ló ń pín àwọ̀ kan. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà pupa tín-ínrín lórí aláwọ̀ búlúù fi máa ń dà bí ẹni pé ó ṣàn. Ẹ jẹ́ kí ìyàtọ̀ láàárín lẹ́tà àti ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ti ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn, kì í ṣe ti àwọ̀ nìkan. Ẹ má sì fa ìlà tó tín tó pixel kan láti òsì dé ọ̀tún. Lórí tẹlifíṣọ̀n tó ń fo ìlà kan kó tó ya èkejì, kó tó padà wá ya àwọn tó fò, á máa ṣẹ́jú. Méjì tàbí mẹ́ta ni kó jẹ́.

Ọ̀rọ̀ fóònù inú fíìmù

Òṣèré gba àtẹ̀jíṣẹ́, ojú rẹ̀ sì yí padà. Báwo la ṣe máa fi ohun tó kà hàn? Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ọ̀rọ̀ náà yọ sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ nínú òfuurufú. Mo fẹ́ràn rẹ̀, torí pé a ń rí ojú òṣèré, a sì ń ka ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n olùdarí míì á ní ojú fóònù gan-an lòun fẹ́. Ó ṣeé ṣe: sọ́fítíwíà á máa tẹ̀ lé ojú fóònù náà bó ṣe ń mì, wọn á sì lẹ àwòrán mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀. Mocha, tó ń bá After Effects wá, dára níbí, torí pé kì í tẹ̀ lé ẹyọ àmì kan, gbogbo ojú pẹlẹbẹ náà ló ń tẹ̀ lé.

Ọjọ́ tí wọ́n ń ya fíìmù ni iṣẹ́ yìí ti ń dára tàbí bàjẹ́, kì í ṣe ọjọ́ tó dé orí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá tan ojú fóònù sí àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ yòò, àwọ̀ ewé á tàn sí ojú òṣèré, ta ni yóò nù ún kúrò? Ẹ pa fóònù, kí ojú rẹ̀ dúdú. Òjìji yàrá tó ń hàn lórí gíláàsì yẹn ni wọ́n máa tún gbé lé orí àwòrán tuntun kí ó lè jọ òótọ́. Tàbí kí ẹ fi àwòrán eérú tó rẹlẹ̀ sí i, pẹ̀lú àmì àgbélébùú kéékèèké tí sọ́fítíwíà máa dì mú. Ẹ sì sọ fún òṣèré pé kó má fi àtàǹpàkò pa ojú fóònù. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin tí ìka bá fi wà níwájú, frame 96 ni ẹnì kan máa jókòó gé ìka náà jáde nínú wọn ní sinimá, owó rẹ̀ sì yàtọ̀.

Orúkọ ìparí, àti ohun tí ẹ máa gbà lọ́wọ́ oníṣẹ́

Orúkọ tó ń gùn lọ sókè níparí fíìmù máa ń gbọ̀n, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí. Ìṣirò ni. Ó gbọ́dọ̀ rin odindi pixel ní frame kọ̀ọ̀kan: méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kì í ṣe méjì àbọ̀. Bí ó bá ń rin mẹ́ta, orúkọ kan á gba frame 360 láti ìsàlẹ̀ dé òkè àwòrán HD, ìṣẹ́jú àáyá 14.4 nìyẹn ní 25. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin, 10.8. Torí náà olùdarí tó bá ní kí wọ́n fi orúkọ igba èèyàn sáàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kà á. Ẹ kọ́kọ́ yan ìrìn, kí gígùn rẹ̀ tẹ̀ lé e, kí wọ́n sì gé orin mọ́ ọn. Easing ò ní iṣẹ́ kankan láàárín rẹ̀.

Nígbà tí pátákó bá ṣe tán, ó gbọ́dọ̀ jáde pẹ̀lú alpha, ìyẹn apá kẹrin lẹ́yìn pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, tó ń sọ ibi tí a ti lè rí ẹ̀yìn. MP4 H.264 tí a ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kì í gbé e. Ẹ ó rí pátákó yín lórí ilẹ̀ dúdú kirikiri. Fáìlì fídíò tó jẹ́ ProRes 4444 ń gbé e, àwòrán PNG tí a tò tẹ̀ léra náà ń gbé e. Bí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ bá yí etí lẹ́tà ká, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan yín ti yan straight kí èkejì yan premultiplied, ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà tọ́jú alpha; ẹ yí i padà nínú ètò fáìlì náà, kò nílò kí ẹ tún un ṣe.

Kí ẹ tó sanwó tán, ẹ gba fáìlì iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ àti fọ́ńtì tó lò, kì í ṣe fídíò nìkan. Ètò apá kejì ń bọ̀, ìyá aládìírẹ mìíràn ló máa jókòó síbẹ̀, orúkọ nìkan lẹ máa pààrọ̀.